Rọ́bà Èémí Tí A Ń Gba Imú Fi Sí Ọ̀fun

Ẹ̀yin ará wa ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà, ẹ̀rù a máa ba ọ̀pọ̀ ẹbí nígbà tí dókítà bá ní imú ni òun yóò gbà fi rọ́bà sí ọ̀nà èémí aláìsàn kí òun tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tí a fún ní oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ ńlá kò lè ṣọ́ ọ̀nà èémí ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tàbí èébì lè ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Rọ́bà ni í dáàbò bò ó, ẹnu ni a sì sábà máa ń gbà fi í sí i. Bí ẹnu kò bá là ńkọ́? Eyín tó kẹ̀ lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú kí ẹnu sì há. Ní Ṣókótó, níbi tí a ti dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ ní ọdún 1999 fún àwọn ọmọ tí àrùn nómà ti jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́, àpá àrùn náà a máa de àgbọ̀n ọmọ pinpin. Bí a kò bá gba imú, ó lè di kí a dá ọrùn lu.

Ivan Magill àti Stanley Rowbotham ni wọ́n mú ọgbọ́n yìí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní (1914 sí 1918), nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ-ogun tí ojú wọn ti bàjẹ́.

Dókítà a kọ́kọ́ wá ihò imú tí atẹ́gùn ń gbà já gaara jù. A kán oògùn sí i kí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè súnkì, àti òmíràn kí imú àti ọ̀fun má baà mọ ìrora. A fi omi gbígbóná mú rọ́bà rọ̀, a fi ohun tí ń yọ̀ pa á, a sì tì í tààrà sẹ́yìn, kì í ṣe sókè. Àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ há kì í sùn ná. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa mí. A lè fún ọmọdé ní oorun díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà yóò ṣì máa dá mí. Bí ó bá ti fa èémí sínú, gògóńgò a là, rọ́bà a sì wọlé. Láyé Magill, etí ni wọ́n fi ń tẹ́tí sí èémí lẹ́nu rọ́bà. Lónìí, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ oníná ni wọ́n fi ń wo ọ̀nà. Ó ń nini lára díẹ̀, a kò ní purọ́. Ẹni tí omi odò ti gba imú wọ̀ rí yóò mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ èémí ní ìhà méjèèjì àyà ni wọ́n tó fún un ní oorun gidi.

Imú lè ṣẹ̀jẹ̀, ọ̀fun sì lè máa dunni fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Nítorí náà, bí imú yín a máa dí, bí ẹ̀jẹ̀ yín kì í tètè dá, tàbí bí ẹ bá ti fi orí gbá nínú ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ó tó mú rọ́bà.