Bíréèkì ọkọ̀ ń han gooro? Ohun tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀ nípa páàdì àti sẹ́ńsọ̀ rẹ̀

Ní Awendjé, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò Libreville tó jẹ́ olú ìlú Gabon, "plaquettes" ni wọ́n ń pè é, bíi ti Cotonou àti Lomé. Ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Mushin nílùú Èkó, páàdì ni. Orúkọ yàtọ̀, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: òun ló ń fún díìsìkì mọ́ra kí táyà lè dúró nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Gbogbo ìgbà tó bá sì ṣe é ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Takisí ni tirẹ̀ máa ń tètè jẹ jù. Àwọn takisí aláwọ̀ pupa àti funfun tó wà ní Libreville ń dúró gbé èrò lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ ni òjò ìlú náà pọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Tí ojú ọ̀nà bá tutù, ọkọ̀ kì í tètè dúró, páàdì tó ti fẹ́lẹ́ á wá dá kún un.

Ohùn wo ló yẹ kí awakọ̀ fetí sí?

Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 10 sí 12. Tó bá ti ku nǹkan bíi 3, ó ti tó pààrọ̀.

Lára páàdì ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọ́. Nígbà tí páàdì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tán, irin yìí á kan díìsìkì, á sì máa han gooro. Òun ni sẹ́ńsọ̀ tó rọrùn jù lọ, kò ní wáyà, kò ní iná. Ẹni tó bá yí rédíò sókè kó má baà gbọ́ ọ, owó ló ń fi ṣòfò. Tí ohùn náà bá di ti irin tó ń lọ irin, páàdì ti tán pátápátá, díìsìkì gan-an ló ń jẹ, ìnáwó ti di méjì nìyẹn.

Wáyà tí àwọn kan ń so pọ̀

Nínú ọkọ̀ bíi BMW, wáyà tín-ín-rín tó wà nínú ike ni wọ́n fi há inú páàdì. Bí páàdì ṣe ń jẹ, díìsìkì á dé ibi tí wáyà náà wà, á gé e, iná á sì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ti já báyìí kò ṣe é lò mọ́, tuntun ni wọ́n máa fi sí i pẹ̀lú páàdì tuntun.

Nítorí owó rẹ̀, àwọn oníná ọkọ̀ kan máa ń so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀. Iná á kú lóòótọ́, àmọ́ bí páàdì náà bá tún jẹ tán, kò sí ohun tó máa kìlọ̀ fún awakọ̀ mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ náà ní tòkúnbọ̀ kò lè mọ̀. Kódà níbi tí sẹ́ńsọ̀ bá ti pé, ẹyọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níwájú, ẹyọ kan lẹ́yìn. Páàdì táyà kejì lè ti tán kí iná tó tàn. Kí mẹkáníìkì tú táyà kó sì fi ojú wò ó ló dájú jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì táyà kí wọ́n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀, wọ́n á sì ki igi tàbí irin tó lágbára sábẹ́ rẹ̀, torí jáàkì nìkan kò ṣe é gbára lé. Kálípà tí wọ́n bá tú kò gbọ́dọ̀ máa rọ̀ dirodiro lórí rọ́bà ọ́ìlì rẹ̀. Wọ́n á ti písítìn padà sínú, àyàfi ọkọ̀ tí hándíbíréèkì rẹ̀ ń lo iná, tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa fi ṣí i kí wọ́n tó tì í. Táyà méjèèjì iwájú ni wọ́n ń pààrọ̀ tiwọn pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀yìn, kí ọkọ̀ má baà máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà kúrò lójú kan, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì léraléra títí á fi le lẹ́sẹ̀. Písítìn tí wọ́n tì sínú kò tíì kan páàdì, nítorí náà ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ lè wọlẹ̀ lọ láìsí bíréèkì rárá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wo ọ́ìlì bíréèkì. Fún nǹkan bíi 300 kìlómítà àkọ́kọ́, kí awakọ̀ máa rọra tẹ̀ ẹ́, kí páàdì tuntun àti díìsìkì lè mọ ara wọn.