Oúnjẹ Wà, Ta Ló Di Ọ̀nà Mú?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò bu iyì kún mi rárá, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mùṣín. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ni mo ti gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n sì kọ́ wa níbẹ̀ pé olùkọ́ kì í fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gbàgbé ẹ̀kọ́ náà lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rí tín-ín-rín. Ó ṣi ìṣirò kan ṣe, ni mo bá pè é ní "Kuwaṣíọ́kọ̀." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ní ọjọ́ kẹta ni ìyá-ìyá rẹ̀ wá bá mi. Òun ni ìyá tó ń ta páńlá lẹ́bàá títì ní àdúgbò wa. Ọmọ Ìgbò ni, ṣùgbọ́n Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, nítorí mo mọ bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń gbèjà ọmọ wọn. Kò jà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Tíṣà, orúkọ tí ẹ sọ ọmọ mi yẹn, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Èmi mọ̀ ọ́n. Òun ló pa àbúrò mi."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n gbọ́ ìtàn.

Ọmọ ọdún méje ni ní ọdún 1968. Irun orí rẹ̀ pọ́n bí irun àgbàdo, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bí wọ́n bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn kòtò. Kì í ṣe pé wọn kò rí nǹkan kan fi sẹ́nu: wọ́n ń jẹ ẹ̀gẹ́. Ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà ni kò sí. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, àwọn ará Gáà ní Ghana ló ni ín. Dókítà obìnrin kan tó ṣiṣẹ́ láàárín wọn, Cicely Williams, ló gbé e sínú ìwé ìṣègùn ní ọdún 1935. Àìsàn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú nítorí pé àbúrò rẹ̀ ti dé ni. Ikùn rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n oúnjẹ tí í mú ara dàgbà kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà mọ ìtàn ogun abẹ́lé jù mí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967, ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba Port Harcourt ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Biafra kò ní etí òkun mọ́. Ilẹ̀ tó kù sí wọn lọ́wọ́ há, àwọn tó sá wọ inú rẹ̀ sì pọ̀ bí eṣú. Oúnjẹ kò tán láyé o. Ó wà ní ilé ìkẹ́rù ní erékùṣù São Tomé àti Fernando Po, nígbà tó yá ó wà ní Cotonou tí kò jìnnà sí wa. Ọ̀nà tí yóò gbà wọlé ni ìjà wà lórí rẹ̀.

Ìjọba Gowon, ní Èkó wa níbí, ní kí ẹrù gba orí ilẹ̀, tàbí kí bàálù máa lọ ní ọ̀sán gangan kí àwọn lè yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò, kí ó má bàa jẹ́ ìbọn. Ojukwu kò gbà. Ó ní àwọn ọmọ ogun yóò gba ọ̀nà náà wọlé, àti pé oúnjẹ tó bá ti ọwọ́ ọ̀tá kọjá lè ní májèlé nínú. Bí wọ́n ti ń fà á síhìn-ín ni wọ́n ń fà á sọ́hùn-ún, ọmọdé sì ń kú. Títí di òní, mo máa ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń pariwo lé ara wọn lórí ní Ojúẹlẹ́gbá nítorí ẹni tó jẹ̀bi. Èmi kò bá wọn dá ẹjọ́ yẹn.

Àwọn ìjọ Kristẹni kan kò dúró de àdéhùn. Wọ́n para pọ̀ lábẹ́ orúkọ Joint Church Aid, wọ́n sì ń fi bàálù kó oúnjẹ láti São Tomé lọ sí Uli lóru. Títì lásán ni Uli, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni. Ìgbà tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tan iná, kíá ni wọ́n sì ń pa á. Bàálù wọn lọ ju ìgbà 5,000 lọ, ẹrù tí wọ́n kó sì tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù: wàrà gbígbẹ, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ sóyà, iyọ̀, àti páńlá láti Norway. Òótọ́ sì ni pé bàálù ìbọn ń balẹ̀ sí Uli yìí kan náà. Red Cross ń fò ní tiwọn títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, tí bàálù ogun ìjọba àpapọ̀ já ọ̀kan lulẹ̀, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ kú.

Ìyá náà ní bí bàálù bá dún lóru, láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìyá àwọn á pọn àbúrò òun, á fa òun lọ́wọ́, wọ́n á lọ sí ọgbà ìjọ tí wọ́n ti ń pín wàrà. Ife kan fún ọmọ kan. Àbúrò rẹ̀ gba ife tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó kú ní ọjọ́ karùn-ún. "Wàrà náà pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni, tíṣà. Kì í ṣe pé kò sí."

Rédíò kékeré kan kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ ìyá yìí. Ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ ìròyìn ogun Gaza, tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí Hamas kọlu Israel ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Israel ti ẹnubodè pa mọ́ àwọn ará Palestine tó wà níbẹ̀, bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, ìyẹ̀fun kò wọlé, oògùn kò wọlé. Israel ní Hamas ló ń jí oúnjẹ náà. Àwọn àjọ tó ń pín in ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn onímọ̀ tí àgbáyé gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ kéde pé ìyàn ti mú ní ìlú Gaza. Wọ́n fọwọ́ sí ìdáwọ́dúró ogun ní oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ta ni yóò jí òkú ọmọ dìde?

Ìyá náà bi mí pé, "Ṣé oúnjẹ ni kò sí?" Mo ní ó wà, pé ọkọ̀ akẹ́rù tò lẹ́yìn ẹnubodè. Ó ní, "Ta wá ló di ọ̀nà mú?"

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní, kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ Palestine nígbà tí Borno wà nílé? Kò parọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, bàálù ogun tiwa fi àṣìṣe ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, àwọn òṣìṣẹ́ Red Cross tó wá pín oúnjẹ sì wà lára àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi Borno pa mí lẹ́nu mọ́ yìí, n kò tíì rí i kó mú náírà kan jáde fún Borno.

Ní ọdún 1977, àwọn orílẹ̀-èdè fi í sínú òfin ogun pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ebi pa ará ìlú láti fi ṣẹ́gun. Ní ọdún 2018, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé tún un sọ. Òfin wà, bí oúnjẹ ṣe wà.

Omi ni n kò rò rárá, ìyá yìí ló là mí lójú. Ó ní wàrà gbígbẹ tí a fi omi ẹlẹ́gbin pò, májèlé ni fún ọmọ. Ní Gaza, omi abẹ́ ilẹ̀ ti di oníyọ̀, ẹ̀rọ ló ń yọ iyọ̀ náà kúrò, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ iná tàbí dísẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá dí dísẹ́ẹ̀lì lọ́nà ti dí omi náà. Òdiwọ̀n tí àwọn olùrànlọ́wọ́ ń lò ni lítà 15 fún ẹnì kan lóòjọ́, láti mu, láti fi se oúnjẹ, láti fi wẹ̀. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì tí àwọn mẹ́rúwà ń tì kiri Mùṣín, lítà 25 ni. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà yóò lò tó kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lóòjọ́, ìyẹn bí wọ́n bá ṣún un lò. Ẹ̀yin tí iná kò wá fún ọjọ́ mẹ́ta tí borehole kò sì ṣiṣẹ́, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo dúró níwájú kíláàsì, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ìtàn orúkọ náà fún wọn. Ìyá-ìyá rẹ̀ ti fún un ní orí páńlá kan mú wá. Àwọn ọmọ fi kan tábìlì, ó dún kò kò kò bí igi. Ọmọbìnrin kan béèrè pé báwo ni ọmọ tí ebi ti mú rọ ṣe lè jẹ irú nǹkan líle báyìí. Kí n tó ya ẹnu, ọmọkùnrin náà ti dá a lóhùn.

"Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi," ó ní. "Omi tó mọ́."