Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Báwo la ṣe ń yan ọ̀rọ̀ àdásọ fún ìdánwò eré?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìbẹ̀ṣè tó fẹ́ di òṣèré, tiyín rèé. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá dá sọ̀rọ̀ níwájú olùdarí eré. Kí lẹ máa sọ?

1️⃣ Ẹ ka eré náà tán. Ẹ má kàn já abala kan mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970), Ìyálóde Ẹfúnṣetán pàṣẹ pé ẹrú òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún. Ẹni tó bá kàwé náà mọ̀ pé ẹ̀dùn àìrọ́mọ wà nídìí ìkà yẹn, kò ní máa fi gbogbo ẹnu pariwo.

2️⃣ Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú The Gods Are Not to Blame, eré Ọlá Rótìmí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1968, Ọba Odéwálé ń fìbínú wá ẹni tó pa ọba àná. Àṣé òun gan-an ni!

3️⃣ Ẹ wo ọjọ́ orí yín. Ìyálọ́jà inú Death and the King's Horseman (Wọlé Ṣóyínká, 1975) dùn ún ṣe, àmọ́ ohùn àgbà ló ń fẹ́.

4️⃣ Ìṣẹ́jú kan sí méjì ti tó. Ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ àtohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ipa wo lẹ máa yàn? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ 👇