Ìwé Ìwádìí Lórí Jẹjẹrẹ Ọmú: Kí Ló Kàn Wá Nílé?

Bí a bá gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ àpilẹ̀kọ ìwádìí tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, a máa ń kan sáárá sí i, a ó sì bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kí ni àpilẹ̀kọ tó jáde lókè òkun fẹ́ ṣe fún ìyá tó ń tajà ní Eko Ende, tàbí fún ọmọbìnrin wa tó ń kàwé ní Ìkìrun, Ìníṣà tàbí Òkukù? Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olopade wá ìdáhùn.

Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n. Ọdún 1980 ni wọ́n gboyè dókítà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Chicago ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti ń ṣèwádìí. Lọ́dún 2005, wọ́n gba ẹ̀bùn MacArthur. Ohun tí wọ́n ń wá ìdí rẹ̀ ni pé: kí ló dé tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń tètè mú àwọn obìnrin wa, tó sì máa ń le?

Kí àpilẹ̀kọ tó jáde, àwọn onímọ̀ mìíràn á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Tó bá jáde tán, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa tọ́ka sí i. Ẹni tó bá ń jókòó síbi wáàsí mọ̀ ọ́n: àlùfáà á sọ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ wá, àti ẹni tí onítọ̀hún gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà ń ka iye ìtọ́ka yìí. Bí wọ́n bá ní h-index ẹnì kan jẹ́ 20, ó ní àpilẹ̀kọ 20 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán, nígbà 20. Síbẹ̀, iye nìkan kò tó. Ẹlòmíràn lè tọ́ka sí iṣẹ́ kan kó lè ta kò ó ni. Ohun tí iṣẹ́ náà ṣí payá ló yẹ ká béèrè.

Méjì lára iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olopade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jọ ṣe jáde nínú Journal of Clinical Oncology. Ti ọdún 2009 yẹ jẹjẹrẹ ọmú àwọn obìnrin Nàìjíríà àti Senegal wò. Ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ ni kò ní àmì mẹ́ta tí àwọn dókítà fi ń yan oògùn. Oògùn bíi tamoxifen kì í ṣiṣẹ́ fún irú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n yẹ kókó náà wò ní yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tó yan oògùn.

Ti ọdún 2018 yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò, pẹ̀lú 997 tí kò ní in. Ìbàdàn ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn, bí 15 ló jogún jíìnì tó lábùkù. Èyí tí wọ́n ń pè ní BRCA1 ló pọ̀ jù. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹnì kan nínú méje.

Ohun tó kàn wá nílé rèé. Bí ìyá àti ọmọ bá ní àìsàn yìí, ẹ má fẹ̀sùn kan ìyàwó ilé tàbí ìyá àgbà pé wọ́n ló ṣe é. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n jogún. Ọ̀dọ̀ bàbá náà lè ti wá, nítorí náà ẹ sọ ti àbúrò bàbá yín obìnrin fún dókítà pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jogún rẹ̀ ni àrùn á mú, ṣùgbọ́n ó yẹ kó tètè máa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó bá ní kókó wà lọ́mú òun, ẹ má ṣe sọ pé kò ṣáà dùn ún. Kókó tí kì í dunni gan-an lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn.

Orúkọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà lórí àpilẹ̀kọ wọ̀nyí. Orúkọ àwọn ìyá tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ láìsí wọn, ìwé kankan kò lè jáde. A mọ̀ pé ìmọ̀ tó ń ṣe èèyàn láǹfààní wà lára iṣẹ́ tí láádá rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Kí Ọlọ́hun san wọ́n lẹ́san, kó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.