Bátìrì Ọkọ̀ àti Rédíò Kékeré

Ní abà àti ní ìletò tí iná ìjọba kò dé, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gbọ́ rédíò. Bí bátìrì yìí bá kú, tí ọjà sì jìnnà, ojú a máa lọ sára ọkọ̀ tí ó dúró lẹ́bàá ilé. Ǹjẹ́ bátìrì ọkọ̀ lè mú rédíò kékeré sọ̀rọ̀? Ó lè ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ó lè jó rédíò náà pẹ̀lú, ó sì lè jó ọkọ̀. Ohun tí a bá fi sáàrin àwọn méjèèjì ni yóò sọ èyí tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo agbára wọn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ní fólítì 1.5. Rédíò tí ń gba méjì ń fẹ́ fólítì 3. Èyí tí ń gba mẹ́rin ń fẹ́ fólítì 6. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní yàrá mẹ́fà nínú, pẹlẹbẹ òjé sì wà nínú omi ásíìdì ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Gaston Planté, ará ilẹ̀ Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú bátìrì olójé yìí ní ọdún 1859. Yàrá kan ń mú bíi fólítì 2 wá. Yàrá mẹ́fà di 12. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó lè gòkè dé 14.

Fólítì ni agbára tí ń ti iná lọ. Ẹ fi wé àgbá omi tí a gbé ga: bí a bá ti gbé e ga tó ni omi yóò ti fi ipá tú jáde tó. Ẹni tí ó bá so rédíò onífólítì 6 mọ́ fólítì 12, ìlọ́po méjì ipá tí ó lè gbà ni ó fi kọlù ú.

Nítorí náà, ohun tí ń dín fólítì kù gbọ́dọ̀ wà láàrin. Èyí tí ó wọ́pọ̀ ni ṣájà inú ọkọ̀, tí à ń kì bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá. Fólítì 12 ni ó ń gbà wọlé, fólítì 5 ni ó ń mú jáde, ọ̀pọ̀ rédíò òde òní tí ó ní bátìrì nínú ara rẹ̀ ni ó sì ń lo fólítì 5 yìí. Ẹ ka ohun tí a kọ sẹ́yìn rédíò yín kí ẹ tó so ó. Ẹ wo àmì àròpọ̀ àti àmì àyọkúrò, nítorí bí wáyà bá yí padà, rédíò lè bàjẹ́. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì lásán kò ṣeé ṣáájì. Ó lè ṣomi tàbí kí ó bẹ́. Ní ti wọ́kí-tọ́kí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń gbé lọ́wọ́, ṣájà tirẹ̀ ni kí a máa lò fún un.

Láyé ìgbà kan, tí irin tí ó so yàrá bátìrì pọ̀ máa ń hàn lókè, àwọn kan a máa fa wáyà láti ara yàrá mẹ́ta kí wọ́n lè rí fólítì 6. Rédíò a sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá mẹ́ta yìí a gbẹ nígbà tí mẹ́ta yòókù ṣì kún. Bí a bá wá ń ṣáájì gbogbo rẹ̀ pọ̀, àwọn kan kò ní yó, àwọn kan yóò yó ní àyójù, bátìrì a sì bàjẹ́ láìpẹ́ ọjọ́.

Bí ẹ bá ní kí rẹ́wáyà fa wáyà tààrà láti orí bátìrì, ẹ ní kí ó fi fíùsì sí i nítòsí orí bátìrì gan-an, kì í ṣe lẹ́bàá rédíò. Bí wáyà bá bó lójú ọ̀nà, tí ó sì kan irin ọkọ̀, bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpíà sínú rẹ̀, wáyà a pọ́n bí irin àgbẹ̀dẹ. Fíùsì ámpíà 1 tàbí 2 yóò ti já kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ǹjẹ́ rédíò kò ní mu bátìrì gbẹ? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣírò. Ká ní bátìrì kan lè fúnni ní ámpíà 1 fún wákàtí 60, a sì fẹ́ lo ìdajì rẹ̀, èyíinì ni 30. Rédíò tí ń gba ìdámẹ́wàá ámpíà, tí a ń gbọ́ fún wákàtí 4 lójúmọ́, ń lo 0.4. Bí a bá fi 0.4 pín 30, ọjọ́ 75 ni. Bátìrì tí ó ti gbó kò lè tó bẹ́ẹ̀, èyí tí ó jókòó lásán pàápàá sì ń dín kù fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná iwájú ọkọ̀ méjèèjì ń gba bí ámpíà 9: wọn yóò mu 30 yìí tán kí wákàtí 4 tó pé. Iná tí a gbàgbé ni ó sábà ń pa bátìrì, kì í ṣe rédíò kékeré.

Ìkìlọ̀ kan kù. Bátìrì tí a ń ṣáájì ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí ń jẹ́ háídrójìn, tí iná lè mú kí ó bú gbàù. Ẹ má ṣe gbé àtùpà tàbí ìṣáná sún mọ́ ọn, ẹ má sì jẹ́ kí irin kan orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Bí omi bátìrì bá ta sí yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ ṣàn án kíá; bí ó bá ta sójú, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣàn án, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Agbára pọ̀ nínú bátìrì ọkọ̀. Díẹ̀ ni rédíò ń fẹ́. Ẹ fún un ní díẹ̀ tí ó ń fẹ́, yóò sì máa bá yín sọ̀rọ̀.