Ọnà Ara Àjà àti Ohun Tí Ó Gbé E Ró

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjà kì í jìn mọ́ ológbò lẹ́sẹ̀. Òtítọ́ ni, nítorí ológbò mọ bí a ti ń fò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó sùn sórí ẹní nísàlẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Láyé àtijọ́, igi àti amọ̀ ni àwọn Yorùbá fi ń ṣe àjà, kí iná tí ó bá mú koríko òrùlé má baà bọ́ sínú yàrá. Lóde òní, ẹwà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá lára rẹ̀. Èyí kò burú, bí ẹni tí ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é bá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni yóò gbé ọnà yìí ró?

Ìyẹ̀fun P.O.P. ni a sábà máa ń lò. Ara òkúta tí ń jẹ́ jípúsọ́ọ̀mù ni a ti ń rí i. Orúkọ ìlú Paris mọ́ ọn lára nítorí pé wọ́n ń wa òkúta yìí ní òkè Montmartre nígbà kan rí. Omi wà nínú òkúta náà. Bí a bá yan án nínú ooru tí ó tó ìwọ̀n 150 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi náà yóò gbẹ dànù. Nígbà tí a bá wá po ìyẹ̀fun rẹ̀ mọ́ omi, yóò gba omi rẹ̀ padà, yóò gbóná díẹ̀, yóò sì tún le bí òkúta.

Inú mọ́ọ̀dù tí a ti gbẹ́ ọnà sí ni a ti ń mọ ègé àjà. A ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ tàbí òróró pa á lára kí ègé náà má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun ni a ń bù sínú omi. A kì í da omi lé ìyẹ̀fun, kí ó má baà ṣe kókó. Bí àpòpọ̀ náà bá ti ń le, a kò gbọdọ̀ bomi là á mọ́, nítorí agbára rẹ̀ yóò dín kù. Lórí ìpele kìíní ni a ó tẹ́ fáíbà sí. Òun ni yóò di ègé náà mú bí ó bá tilẹ̀ sán. A ó ri wáyà tí kì í dípẹtà mọ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó da ìpele kejì lé e, a ó sì jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ìṣirò ni ó kàn. Ègé tí ó jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, tí ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, yóò wọ̀n tó kílò 6 nígbà tí ó bá gbẹ. Yàrá tí ó jẹ́ mítà 3.6 níbùú lóròó yóò gba ègé 36. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 216, èyí tí ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin lọ. Ta ni yóò so irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rọ̀ sórí ibùsùn rẹ̀ lára igi tí ikán ti jẹ? Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ yẹ igi àjà wò, kí a pààrọ̀ èyí tí ó ti jẹrà, kí a sì dí ibi tí òrùlé ti ń jò, nítorí omi ni ọ̀tá P.O.P. Wáyà ni a ó fi so ègé kọ̀ọ̀kan mọ́ igi, a ó sì fi fáíbà tí a rì sínú P.O.P. di ojú ìso náà. Fáànù kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ P.O.P.; ara igi tàbí kọnkéré ilé gan-an ni àyè rẹ̀.

Ewu kan tún wà nínú títú àjà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1960 sí 1990 ni ó ní àjà asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Bí a bá fọ́ ọ tàbí tí a fi ayùn rẹ́ ẹ, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún tàbí ogójì ọdún. Nítorí èyí ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ka lílò rẹ̀ léèwọ̀ pátápátá ní ọdún 1999. Aṣọ ìnujú tí a dì mọ́ imú kò lè dí eruku yìí lọ́nà. Bí àjà náà kò bá tíì fọ́, ó sàn kí a fi í sílẹ̀. Bí ó bá di dandan láti yọ ọ́, àwọn tí a kọ́ níṣẹ́ náà ni kí a pè.

Àlejò tí ó bá wọlé yóò yin ọnà ara àjà. Igi àti wáyà tí ó pamọ́ lẹ́yìn rẹ̀ kò ní gba ìyìn kankan, ṣùgbọ́n àwọn ni onílé ń sùn sábẹ́ wọn lóròòru.