Aṣọ Tí A Ń Fọ̀ àti Ìdọ̀tí Tí A Ń Fowó Rà



Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí pẹpẹ. Lẹ́yìn tí a bá ti gba Ara Olúwa tán, Fada a máa fi aṣọ funfun kékeré nu ife mímọ́. Aṣọ ni, kì í ṣe bébà. A kì í sì í jù ú nù. Omi àkọ́kọ́ tí a fi ṣàn án, a máa ń dà á sí ilẹ̀ níbi tó yẹ, nítorí ọ̀wọ̀ Ara Kristi. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, yóò sì padà síbi iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń tọ́jú aṣọ pẹpẹ mọ bí ọdún tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń lò ti pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Ajé, tí a wọ ibi iṣẹ́ lọ, ìwà wa a yí padà. Bébà ni a fi ń nu ọwọ́, bébà ni a fi ń nu tábìlì, a ó sì ká a jù sẹ́yìn ilé. Ní ilé ìwòsàn, aṣọ ìwọ̀lékè tí nọ́ọ̀sì wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti di ìdọ̀tí. Aṣọ yẹn rọ̀ lọ́wọ́, ó sì jọ aṣọ lójú, ṣùgbọ́n òwú kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń pè ní polypropylene ni, òun kan náà tí a fi ń hun àpò ìrẹsì funfun. Kì í jẹrà. Bí a bá sì dáná sun ún, àwọn ọmọ wa ni yóò fa èéfín rẹ̀ símú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ilẹ̀ Benin ṣe òfin tó de ọ̀rá tí kì í jẹrà: ṣíṣe rẹ̀, gbígbé e wọlé, títà á àti lílò ó. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ni ó bá wí. Kò sí ọlọ́pàá tí yóò wá wo ohun tí bírò yín fi ń nu tábìlì. Ọwọ́ ẹni tó ń kọ ìwé ohun tí a ó rà ni ìyẹn wà, ẹni náà sì lè jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún, tó bẹ̀ wá wò ní Benin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2011, ti kọ́ wa ní ọdún 2009 pé ọ̀rọ̀ ìwà ni rírà jẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Póòpù Francis tún un sọ nínú Laudato Si' ní ọdún 2015.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré. Ká ní òṣìṣẹ́ 20 ló wà níbi iṣẹ́ kan, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo bébà ìnuwọ́ 3 lójúmọ́. 60 nìyẹn. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ó di 1,320. Lọ́dún kan, 15,840. Bí a bá wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní aṣọ ìnuwọ́ 3, ọ̀kan lọ́wọ́, ọ̀kan nínú ọṣẹ, ọ̀kan lórí okùn, aṣọ 60 ni gbogbo rẹ̀. Owó rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yóò pọ̀ ju ti páálí bébà kan lọ, ìdí nìyí tí akápò fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Kí ó ro owó bébà oṣù 12 pọ̀ ná, kí ó tó fi wé owó télọ̀. Owó télọ̀ kò kúkú jáde nílùú.

Ẹlòmíràn yóò ní, omi tí a ó fi fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2018 fi aṣọ ìwọ̀lékè ilé ìwòsàn tí a ń fọ̀ wé èyí tí a ń jù nù. Wọ́n ka omi àti iná ìfọṣọ mọ́ ọn. Síbẹ̀, èyí tí a ń fọ̀ dín ìdọ̀tí kù ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dín omi kù ní ìdá 41, nítorí ṣíṣe èyí tí a ń jù nù pàápàá ń gba omi. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n fi ń fọ̀ níbẹ̀ o; ọwọ́ ni tiwa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì dùn mí sí nìyẹn. Mo mọ ibi iṣẹ́ kan tó dán an wò. Wọ́n ra aṣọ ìnuwọ́ tó dára, inú gbogbo wọn dùn. Ẹnikẹ́ni kò ra ọṣẹ. Ọmọbìnrin tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n ní kó máa dì í lọ sílé, kó fi omi àti ọṣẹ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́, láìfi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, aṣọ ti ń rùn. Wọ́n padà sí bébà, wọ́n ní aṣọ kò mọ́. Ẹ gbà mí o, ṣé aṣọ ló jẹ̀bi? Bí ẹ bá ń kọ ìwé rírà, ẹ kọ ọṣẹ, omi àti owó iṣẹ́ ẹni tó ń fọ̀ sójú ìwé kan náà pẹ̀lú aṣọ.

Fún ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn: Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ wa nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020 pé bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí a rẹ aṣọ aláìsàn sínú omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ nínú agbada ńlá, kí a fi igi rò ó kí omi má ta sí ni lára. Lẹ́yìn náà, kí a rẹ ẹ́ sínú omi klórínì ìdá 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, kí a ṣàn án, kí a sì sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ pátápátá. Abẹ́rẹ́ àti ìbọ̀wọ́ tí a fi ń yẹ aláìsàn wò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tiwọn.

Fún ẹ̀yin ará bírò, ẹ fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: ọ̀kan fún ọwọ́, òmíràn fún tábìlì, òmíràn fún ilé ìgbẹ́. Ẹ sì jẹ́ kí télọ̀ fi òwú kọ orúkọ ibi iṣẹ́ sí i létí, nítorí aṣọ ìnuwọ́ tó bá dára a máa mọ ọ̀nà ilé àwọn èèyàn.